Ààwẹ̀ Tí Mummy Gbà fún Bàbá Jayden

Ilé oníyàrá kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Dockyard, ní Woolwich, nílùú òyìnbó. Mummy ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ tuntun tí Keziah, ọmọ rẹ̀, bí. Ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ṣògo, ọkọ Keziah, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti báàgì lẹ́yìn.

ṢÒGO: Ẹ kú ilé, Mummy.

MUMMY: Káàbọ̀, ọmọ mi. Yẹ̀ díẹ̀, o dí mi lójú. Ìpolówó ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ní pẹ́ padà.

(Ṣògo yẹ̀. Ó jókòó sí etí sófà.)

ṢÒGO: Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bi yín.

MUMMY: Bi mí bí ẹni tí kò bi mí.

ṢÒGO: Àlàgbà ìjọ wa dá mi dúró níbi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

MUMMY: Oorun ti hàn lójú rẹ ni.

ṢÒGO: Wọ́n ní ìyàwó kì í ṣe ẹrú. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ló ń gbààwẹ̀ nítorí ilé kan, àwọn ò ní dárúkọ. Bí wọ́n ṣe ní "ilé kan," wọ́n fún ọwọ́ mi pọ̀.

MUMMY: Ó dáa bí wọn ò ṣe dárúkọ. Èmi náà ò dárúkọ.

(Ṣògo dìde. Ó rántí pé ìyá ìyàwó òun ni. Ó tún jókòó.)

ṢÒGO: Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ síwájú ìjọ?

MUMMY: Níbi àdúrà orí fóònù ni, ní ìdájí. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ìdílé kan tó wà ní pálọ̀ wa. Ọkọ ń sùn lórí sófà. Ìyàwó ti gbé àpótí, ó ti jáde. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣírí ni bíbò.

ṢÒGO: Mummy. Ta ló ń sùn lórí sófà ní pálọ̀ wa?

MUMMY: Bàbá Jayden.

(Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin òyìnbó kan wà níbẹ̀, ó di pílò mọ́ra.)

ṢÒGO: Àwọn wọ̀nyí? Mummy, eré ni. Eré ẹlẹ́rìn-ín àwọn ará Amẹ́ríkà. Ṣé ẹ ò gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn ni?

MUMMY: Mo gbọ́. Ẹbí ọkọ ni.

ṢÒGO: Ẹbí ọkọ báwo?

MUMMY: Ta ló tún máa jókòó sí yàrá kejì, tí ìyàwó ń jìyà, tí yóò máa rẹ́rìn-ín? Ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Jayden pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò jáde wá bá a fọ abọ́.

ṢÒGO: Àwọn òǹwòran ni, Mummy.

MUMMY: Ohun tí ẹbí ọkọ ń ṣe náà nìyẹn. Wọ́n ń wòran. Àmọ́ nígbà tó sunkún, mo gbọ́ tí ẹnì kan ṣe "áà" nínú wọn. Ìyá ọkọ nìyẹn. Òun ṣì ní àánú díẹ̀.

ṢÒGO: Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń sanwó fún ọkùnrin yẹn kó lè sùn lórí sófà.

MUMMY: Wọ́n ń sanwó fún un, kò sì ra bẹ́ẹ̀dì kejì?

(Ṣògo fi ọwọ́ nu ojú.)

ṢÒGO: Mummy, èmi náà ń sùn lórí sófà.

MUMMY: Tìrẹ yàtọ̀. Èmi ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

ṢÒGO: Ṣé ẹ sọ ìyẹn fún ìjọ?

MUMMY: Rárá o. Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn.

ṢÒGO: Keziah dà?

MUMMY: Ó ti pọn ọmọ lọ sí Thamesmead, lọ́dọ̀ Medinat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lọ fọ aṣọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ yín ò ṣiṣẹ́.

ṢÒGO: Kí ló fi kó aṣọ náà?

MUMMY: Àpótí ńlá tí mo gbé ti ilé wá. Òun àti ìyàwó Pásítọ̀ ni wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì. Màmá náà bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Keziah ní ó ti sú òun, òun ò lè fara dà á mọ́ nínú ilé yẹn.

ṢÒGO: Mo kú.

MUMMY: Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń sọ.

ṢÒGO: Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ń sọ. Mummy, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ díákónì. Àlàgbà ní kí n dúró ná, títí ilé mi á fi tòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Pásítọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí ìjà nílé wa.

MUMMY: Ṣé ìyẹn nìkan? Gbé fóònù wá.

(Ṣògo tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sí Mummy létí.)

MUMMY: Pásítọ̀, ẹ káàsán sà. Ọkọ ọmọ mi ní kí n sọ fún yín pé kò sí ìjà nílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni sà, òun ló ní kí n sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúró tì mí. Fóònù? Òun náà ló dì í mú. Ohùn mi? Ó ń gbọ̀n lóòótọ́ sà, òtútù ibí yìí ni. Ó dáa sà. Ẹ ṣé sà.

ṢÒGO: Kí ni wọ́n wí?

MUMMY: Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn àti àwọn àlàgbà ti wà lọ́nà.

(Ṣògo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì orí sófà. Ó wá ibi tó máa fi í sí, kò rí. Ó jókòó lé e. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan gbé àpótí wọlé. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra. Ọkùnrin náà gbé pílò, ó bá a wọ yàrá.)

MUMMY: Ṣògo, wò ó. Ó ti padà. Gbọ́, ẹbí ọkọ pàápàá ń pàtẹ́wọ́.

(Aago ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ dún. Mummy ti débẹ̀ kí Ṣògo tó bọ́ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ń fi ẹ̀rọ ara ògiri sọ̀rọ̀.)

MUMMY: Pásítọ̀, Ọlọ́run ti ṣe é. Ìyàwó ti dé. Ọkọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ti gbé pílò, àwọn méjèèjì ti wọ yàrá. Ìṣojú mi báyìí ni.

(Ìsàlẹ̀ hó gèè. Wọ́n kọ orin. Mummy gbọ́, ó mi orí, ó ní "àmín" púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀.)

ṢÒGO: Wọ́n ń gòkè bọ̀?

MUMMY: Wọ́n ti yí padà. Wọ́n ní àwọn ò ní dí tọkọtaya lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ọkọ wọ kóòtù wá lọ́la, àwọn máa fi í jẹ díákónì.

(Ṣògo mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Mummy ń wò ó tàánú-tàánú.)

MUMMY: Kò dùn ọ́?

ṢÒGO: Kí ló máa dùn mí, Mummy?

MUMMY: Ipò rẹ ni wọ́n gbé fún Bàbá Jayden yẹn.

(Ṣògo mú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó tún un ká.)

ṢÒGO: Ó tọ́ sí i, Mummy.

MUMMY: Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ mo ti rò ó. Amẹ́ríkà jìnnà, kò lè tètè dé lọ́la. Ìwọ ṣáà jókòó níwájú. Bí wọ́n bá pè é tí wọn ò rí i, yára dìde.