Ẹbí Éjẹ́ǹtì

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ọ̀run búra. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀run sílẹ̀, torí n kò sí nínú ọkọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ, ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá tiẹ̀ wọ̀ ọ́, kékeré ni.

Onílé àǹtí mi fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ tó ń gbéyàwó sínú yàrá tí àǹtí mi ń gbé. Sátidé ni ìyàwó ń bọ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síta, àǹtí mi sì ń ránṣọ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ló bá pe éjẹ́ǹtì.

Ilé kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì yìí, ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni méjì: àǹtí mi, àti tíṣà kan tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kan ló ní. Epo inú ọkọ̀ náà kò sì lè lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Éjẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí oníbàárà méjì mọ ara wọn. Ó fi àǹtí mi síwájú, ó rọra sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ni ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn, pé ó kàn bá òun jáde gbatẹ́gùn ni. Ó yí sẹ́yìn ọkọ̀, ó sọ fún tíṣà pé ìyá kékeré òun ni obìnrin iwájú yẹn, pé atẹ́gùn lòun náà wá gbà.

Ọkọ̀ gbéra. Gbìrìgìdì, gbìrìgìdì, kò-kò-kò. Tó bá jìn sí kòtò, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló ń dún.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà, éjẹ́ǹtì ní òun ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ baba tó ni ín. Bí yóò ṣe fi ilé kan han èèyàn méjì, kò tíì mọ̀.

Àǹtí mi wo ilé náà. Fèrèsé pé, omi ń yọ. Ó rántí Sátidé. Ó wò ó pé kò sẹ́ni tó lè bá òun bẹ éjẹ́ǹtì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ló bá kúnlẹ̀ sórí àga iwájú, ó dojú kọ ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín. Kó má gbé ilé yìí fún ẹlòmíràn."

Kí ìyá kékeré éjẹ́ǹtì kúnlẹ̀ fún òun? Tíṣà kò dúró ro ọ̀rọ̀ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àga ẹ̀yìn. Ó gùn ju ọkọ̀ lọ. Bàtà rẹ̀ méjèèjì gba ojú fèrèsé yọ síta.

"Màámi, ẹ dìde. Èmi gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bẹ ọmọ yín."

"Ọmọ mi wo?"

"Éjẹ́ǹtì."

"Àbúrò yín?"

"Ọmọ yín, mà."

Ẹni tó kúnlẹ̀ kò dìde, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò dìde.

Ẹ̀rín ń pa mí. Àǹtí mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ o.

Bẹ́ẹ̀ ni éjẹ́ǹtì àti baba onílé ṣe bá wọn. Baba wo bàtà tó yọ lójú fèrèsé, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Éjẹ́ǹtì sáré dá a lóhùn.

"Ẹbí mi ni wọ́n, bàbá. Wọ́n ń kí ara wọn ni."

Baba ní látìgbà tí òun ti ń wá ayálégbé, òun kò tíì rí àwọn tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ó ní ṣé ilé ni wọ́n ń wá.

"Ilé là ń wá, bàbá," ni àǹtí mi wí, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. "Èmi ni mo pọn éjẹ́ǹtì yìí dàgbà."

Tíṣà gbórí sókè. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn."

Baba ní kí wọ́n pín in: yàrá iwájú fún màmá, tẹ̀yìn fún ẹ̀gbọ́n. Ó wá kọjú sí éjẹ́ǹtì.

"Ìwọ náà mọ̀ pé èèyàn kì í gbowó éjẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n."

Éjẹ́ǹtì la ẹnu. Bó bá ní ẹbí òun kọ́, ó ti di òpùrọ́ lójú onílé nìyẹn. Ó pa ẹnu dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ilé tù wọ́n lára. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun ló fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, torí ọmọ gidi kì í wo ìyá rẹ̀ níran.

Ibi tí mo ti ní ó rẹ́rìn-ín yẹn nìkan ni mo ti parọ́.