Ọpọ́n Ìwẹ̀ Kurimoto

Aya ọmọ mi bi mí nígbà kan pé, "Màmá, báwo ni ewé òkun gbígbẹ tó máa tó sáláàdì ènìyàn mẹ́rin ṣe pọ̀ tó?" Mo ní ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú ni, omi ni yóò sọ ọ́ di púpọ̀. Tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ọpọ́n ìwẹ̀ Kurimoto.

Kurimoto yìí, Ọ̀gá Alásè, Afọwọ́kan-ìkòkò-kí-mínísítà-rẹ́rìn-ín, ti gbé ìlú ńlá kó tó padà sí èbúté wa. Ó ní òun dáná fún àwọn ènìyàn pàtàkì. Ta ló bá a débẹ̀? Ó tún ra ọpọ́n ìwẹ̀ ọlọ́mọrí tí ń fúnra rẹ̀ pọnmi: bí a bá ti tẹ bọ́tìnì kan lára ògiri ìdáná, omi gbígbóná á kún un, ohùn obìnrin kan á sì kéde pé ìwẹ̀ yá. Kò sí àlejò tí kò tíì gbọ́ ìtàn bọ́tìnì náà.

Lọ́dún yẹn, ìjì já okùn tí a fi ń gbin ewé òkun. Àpò gbígbẹ kan ṣoṣo ló kù nílé kọ̀ọ̀kan, òun la ó sì máa fi se mísò, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà wa, títí di ìgbà ìrúwé. Kurimoto wá ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ní kí kálukú mú tirẹ̀ wá, òun yóò fi ṣe sáláàdì tí a ó máa ròyìn fún ọmọ-ọmọ wa, a ó sì gba èyí tó bá kù padà. Mo mú tèmi lọ. Ìyá Isono, àgbà èbúté wa, mú tirẹ̀, ó sì yá a ní abọ́ ńlá rẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀ nírọ̀lẹ́, àpò òfìfo ló wà lórí tábìlì. Sáláàdì inú abọ́ kò ju oúnjẹ ológbò lọ: kùkúńbà wẹ́wẹ́, yánmọtí, ọtí kíkan díẹ̀, àti ewé òkun tó ń wá ara rẹ̀ kiri.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ni Ìyá Isono bi í.

"Kò kù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú abọ́ yẹn. Ìlànà ìlú ńlá ni, kò lè yé yín."

Níbí, a kì í pe onílé lólè lórí ẹní rẹ̀. Ìyá Isono kàn dìde, ó ní òun ti ń gbọ́ òkìkí bọ́tìnì yẹn tipẹ́, ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú Kurimoto funfun bí tófù. Ó ní ara ọpọ́n náà ò yá lónìí. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí kálukú máa lọ. Fumie, ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan, ṣì ń bu tíì fún wa.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Èyí tí a kó pamọ́ ní gbígbẹ, omi gbígbóná ló ń bá a.

Ohùn inú ògiri kéde pé ìwẹ̀ ti yá. A gbọ́ tí ọmọrí ọpọ́n ṣubú gbàgà. Fumie ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ewé òkun gbígbẹ wa ti wú kún ọpọ́n, ó ń dán, ó ń ya bọ̀ wá pàdé wa: ọbẹ̀ wa títí di ìgbà ìrúwé.

Fumie kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Àṣé ẹrù tí o ní ọkọ̀ oníṣòwò ń bọ̀ wá rà lọ́la nìyí?"

"Kurimoto, ọmọ mi," Ìyá Isono sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé ìlànà ìlú ńlá náà nìyí, kí ewé kọ́kọ́ wẹ̀ ká tó jẹ ẹ́?"

A fi garawa kó o lọ sílé. Ewé tó ti rẹ kì í pẹ́ bàjẹ́. A jẹ sáláàdì títí ó fi sú wa, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ wa di omi lásán.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í dá abọ́ tó yá padà lófìfo. Ìbáà ṣe ọsàn méjì, a ó fi nǹkan sínú rẹ̀. Kurimoto gbé abọ́ Ìyá Isono sẹ́nu ọ̀nà ìyá náà láfẹ̀mọ́júmọ́, ó sá lọ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìyá Isono kò gbé e wọlé. Abọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, lójú ọ̀nà tí Kurimoto ń gbà lọ sí èbúté, ó lanu sókè.