Ọ̀bẹ Inú Ìbọ̀sẹ̀ Torquil

Torquil ò lè rọ abẹ́rẹ́, ká má tíì sọ ọ̀bẹ.

Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ o. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní Inverness, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bíi bọ́tà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní Scotland, òun ni Ishbel, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní òun máa fẹ́.

Murdo, ẹ̀gbọ́n mi, kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ishbel gan-an, orí ló kàn mì. Ó wo Torquil láti òkè délẹ̀, ó wo yẹ̀rì àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa tó ró, ó wo ọ̀bẹ kékeré tó ki bọ inú ìbọ̀sẹ̀ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ ọ̀ṣọ́.

"Níbo lo ti rí ọ̀bẹ yẹn?"

"Mo rà á ni, sà."

"O rà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ rọ tiẹ̀. Èmi náà fọwọ́ ara mi rọ tèmi. Ìwọ lọ ra ọ̀bẹ, o wá fẹ́ gbé ọmọ mi lọ."

Ọlọ́gbọ́n á bẹ̀bẹ̀, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Torquil kì í gbélé. Ó ní kó tó di Sátidé tí òun ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó, òun á ti rọ tòun. Murdo ní bí ojú òun bá rí i, òun á fún un lọ́mọ. Bí ojú òun ò bá rí i, kó máa bá kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí síbẹ̀.

Torquil yá ilé àgbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ki fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn bọná, ó gbé òòlù.

Kọ̀ù! Kọ̀ù! Kọ̀ù!

Gbogbo abúlé ò sinmi mọ́. Mo yà lọ wò ó. Ọ̀bẹ ti lọ́ bí ìrù ajá.

"Torquil, kí lo fẹ́ fi èyí gé?"

"Àǹtí Effie, ẹ ní sùúrù."

"Èmi ní sùúrù. Irin yẹn ni kò ní."

Sátidé dé, ilé Murdo kún fọ́fọ́. Mo ti se ìkòkò ńlá kan ọbẹ̀ ẹja yíyan, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti mílíìkì. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó lè tutù díẹ̀. Gbogbo èèyàn pé, àfi ọkọ ìyàwó.

Ó ṣì wà nílé àgbẹ̀dẹ, ó ń fi èèkù sí ọ̀bẹ. Bí a ti ń ṣe é nìyí: èèyàn á ki ìdí ọ̀bẹ bọná títí á fi pọ́n, á wá tì í bọ inú igi, kó fi ooru ara rẹ̀ jó ihò tó máa jókòó sí. Lẹ́yìn náà, èèyàn á jẹ́ kó tutù. Ọmọ tó ṣì ń fa ikun imú mọ ìyẹn.

Torquil di igi mú, igi ò gbóná, ó rò pé irin náà ò gbóná, kò mọ̀ pé ooru ti rìn láti ìdí dé ojú ọ̀bẹ. Omi wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Àkọ̀ ńkọ́? Kò tíì rán an. Ó ki ọ̀bẹ lásán bọ ìbọ̀sẹ̀, ó sáré wá.

Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ wa, ó nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ooru ò tètè wọlé.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Mo ti rọ ọ́."

"Yọ ọ́, kí n rí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á. Ọ̀bẹ ò jáde. Gbogbo lílọ́ tó lọ́ yẹn ti kọ́ òwú. Ìgbà yẹn gan-an ni ooru débi tó ń lọ.

"Yéèèè!"

Ó fò. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó yí po, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bàbá onífèrè alápò tí a pè wá ṣeré, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀, ó rò pé ijó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé fèrè sẹ́nu. Fẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́! Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń gbóná sí i ni ẹsẹ̀ Torquil ń yá sí i.

Èmi rí èéfín. Mo gbọ́ òórùn irun àgùntàn. Mo ká ọwọ́ gbera, mo ń wò ó.

Ó ká mi lára nígbà tó rí ìkòkò mi.

Ó ki ẹsẹ̀ bọ ọbẹ̀ dé orúnkún.

Ṣììììììì.

Fèrè dákẹ́. Murdo dìde, ó ti ọwọ́ bọ inú ọbẹ̀, ó fa ọ̀bẹ náà yọ tòun ti òwú. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Káú. Ó kán sí méjì.

"Ọ̀bẹ yìí ò wúlò fún nǹkan kan."

Ishbel bú sẹ́kún.

"Ṣùgbọ́n ijó yẹn," Murdo ní, "láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò rí ẹni tó jó o bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ló kọ́ ọ?"

Torquil la ẹnu. Ishbel tètè tẹ ẹsẹ̀ tó kù fún un.

"Bàbá bàbá mi ni, sà."

Murdo rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà tó báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i nìyẹn.

"Máa mú un lọ."

Ẹ ń bi mí nípa ọbẹ̀? Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ẹja yíyan náà ta sánsán. Èmi jẹ búrẹ́dì.

Ó wá di àárọ̀ ìgbéyàwó. Murdo ti ròyìn ijó náà káàkiri, àwọn èèyàn wa ọkọ̀ ojú omi láti òdìkejì omi wá wò ó. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí ọkọ ìyàwó bá kọ́kọ́ jó. Fèrè dún. Torquil ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri bí adìyẹ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Murdo bojú jẹ́. "Èyí kọ́ ni bàbá bàbá rẹ kọ́ ọ."

Ni Ishbel bá gbá aṣọ ìyàwó funfun tó wọ̀ mọ́ra, ó rọra yọ́ wọ ilé ìdáná wá bá mi.

"Àǹtí Effie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ọ̀bẹ kan bọná."