Òbúkọ Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ ní Buccoo

Ọdún Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan ní Buccoo, ní erékùṣù Tobago. Àǹtí Ianthe, tó ń gba àlejò sílé létí òkun, bá Cuthbert aládùúgbò rẹ̀ níbi tó ti ń fa Kọ́nẹ́lì, òbúkọ rẹ̀, jáde nínú omi. Ojú àǹtí ti pọ́n kó tó débẹ̀.

"Cuthbert! Ṣé o fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Àárọ̀ wo? O ti ba àárọ̀ mi jẹ́!"

"Mo ní ẹ káàárọ̀, Àǹtí. A ò tíì kíra, ẹ ti ń jà."

"Káàárọ̀! Ó tó? Tọkọtaya tó ti Jámánì wá ti ń di ẹrù wọn lókè ilé mi yẹn! Àwọn nìkan ni àlejò tí mo ní. Omi tó mọ́ gaara, yanrìn funfun, ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tí mo ṣèlérí fún wọn nìyẹn. Mi ò ṣèlérí irùngbọ̀n òbúkọ!"

"Ìdíje eré sísá àwọn òbúkọ ti dé tán. Bí kò bá lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀, ibo ni itan rẹ̀ á ti lágbára? Ṣé ẹ fẹ́ kí n di okùn rẹ̀ mú, kí n máa sáré lẹ́yìn rẹ̀ níwájú èrò, kóun máa yan bí ìyàwó tuntun?"

"Mú un lọ sí etíkun mìíràn."

"Ibẹ̀ jìn. Ó máa rẹ̀ ẹ́."

"Òbúkọ tó fẹ́ sáré ìdíje!"

Kọ́nẹ́lì gbọn ara rẹ̀. Omi rin aṣọ Àǹtí láti òkè délẹ̀.

"Yéè! Ó ń rùn!"

"Ó ń kí yín ni. Òun náà rí i pé ẹ ò kíni dáadáa."

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀.

"Cuthbert, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Bí àwọn yìí bá lọ, ilé mi ti ṣófo nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Cuthbert họ orí.

"Wọn ò lọ o, Àǹtí. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìpadàlọ wọn síwájú, kí wọ́n lè wo ìdíje."

"Kí ni wọ́n wá ń di ẹrù fún?"

"Ẹ má bínú. Ilé mi ni wọ́n ń bọ̀."

"Ilé rẹ? Èyí tó ń jò yẹn? Tí kò rí òkun?"

"Wọ́n ní àwọn ti rí òkun rí. Àwọn ò rí òbúkọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ rí. Ìyàwó ní bóun bá ti jí, Kọ́nẹ́lì lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí lójú fèrèsé."

Àǹtí wo òkè ilé rẹ̀, ó wo òbúkọ. Ó gba okùn lọ́wọ́ Cuthbert, ó sì kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

"Kọ́nẹ́lì, olówó orí mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Yàrá kan ṣófo nísàlẹ̀, ó kọjú sí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó bóyá ó máa tẹ́ yín lọ́rùn."