Apá Dàda Kọ Iyán

Ẹjọ́ tó dé ààfin abúlé wa lánàá, níbí lọ́nà Ìlá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ìjòyè. Dàda àgbẹ̀ oníṣu ló pe Jóṣúà lẹ́jọ́. Oṣù méjì gbáko ni iyán ò ti kan ẹnu Dàda, inú sì ń bí i débi pé wọ́n ní láti rán an létí kó tó dọ̀bálẹ̀ fún ọba.

Jóṣúà yìí lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn, ó gba sátífíkéètì bọ̀, ó lóun ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi apá yẹ ara wò. Á gbé oúnjẹ lé èèyàn lọ́wọ́ òsì, á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún, á wá tẹ̀ ẹ́. Bí apá bá ti wálẹ̀, oúnjẹ yẹn ò bá onítọ̀hún lára mu nìyẹn. Iṣu ló gbé lé Dàda lọ́wọ́, apá sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kábíyèsí, àtọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ ẹ̀bà," Dàda wí. "Èmi tí mo ń gbin iṣu."

Jóṣúà ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ní kó má jẹ iyán, Kábíyèsí. Apá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Apá rẹ̀ ni kó pè lẹ́jọ́."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Morónkẹ́, ìyàwó Dàda, ní apá náà ti wálẹ̀ kí Jóṣúà tó fọwọ́ kàn án rárá. Àyàndélé aládùúgbò wọn ní irọ́ ni, pé ṣe ni Jóṣúà so rọ̀ mọ́ apá ọ̀hún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.

Ọba bi Morónkẹ́ bóyá òun náà ti fi iyán sílẹ̀. Ó ní rárá o, òun ń gún díẹ̀ jẹ bí Dàda bá ti lọ sóko, àti pé látìgbà tóun ò ti gún ti Dàda mọ́, èjìká òun ti fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dun Dàda ju ẹ̀bà lọ.

Ọba wá bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

"Igba ebè ni mo kọ, Kábíyèsí. Àtoko ni mo ti yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọkọ́ ṣì wà léjìká mi."

Ni àwọn ìjòyè bá bú sẹ́rìn-ín.

"Jóṣúà," ọba wí, "lọ́la, ìwọ ni wàá kọ igba ebè lóko Dàda. Bí o bá kọ ọ́ tán, máa bọ̀ níbí. A ó gbé gbogbo oúnjẹ tí o fẹ́ràn lé ọ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Dàda ni yóò sì tẹ apá rẹ. Èyí tí apá rẹ bá kọ̀, o ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án fún ọdún kan. Ní ti ìwọ Dàda, jẹ iyán rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa gún un, ti Morónkẹ́ náà ńkọ́, ìwọ ni."

Jóṣúà ò bẹ̀bẹ̀ nítorí ebè. Ó ń bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé ẹran lé òun lọ́wọ́. Dàda ò dúró gbọ́ ọ tán, ó ti sáré lọ sílé lọ wá ọmọ odó.