Gbàdàmọ́sí Atukọ̀ Tí Kì Í Mumi

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin Baálẹ̀ Àjàgbé ní Ọ̀jọ́, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí Ọbabìnrin ìlú òyìnbó wá sí Èkó. Gbàdàmọ́sí, atukọ̀ tó ń gbé èrò láti Ọ̀jọ́ lọ sí Ìrewe, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ahọ́n rẹ̀ sì gbẹ bí awọ bàtà, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n má lọ gba àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

"Abọ́sẹ̀dé," Baálẹ̀ wí, "kí ni Gbàdàmọ́sí ṣe fún ọ?"

Abọ́sẹ̀dé, ìyá àgbà kan láti Ajángbádì, ká ọwọ́ lérí. "Baba, ó wó lù mí ni!"

"Ògiri rẹ̀ ni, àbí ilé rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Baba! Mò ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ ní Ìrewe. Ọmọ méjì ni ọmọbìnrin mi ti sin kí èyí tó dúró. Mo ti mú orúkọ dání láti ilé, Rẹ̀mílẹ́kún. A dé àárín ọ̀sà, atukọ̀ yìí ju àjẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lé mi láyà, gbì! Ọkọ̀ gbé wa wọ inú koríko. Nígbà tí a ó fi dé Ìrewe, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti ń fọ àwo!"

Àánú ìyá náà ṣe Gbàdàmọ́sí. Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lo wó lù ú?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo wó, Baba. Òòyì ló kọ́ mi. Oòrùn ló fà á."

"Irọ́ ni!" Àkànbí ará Ìbà, tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, fò dìde. "Òùngbẹ ni! Ọkùnrin yìí kì í mumi. Mo fún un lómi nínú ọkọ̀, ó ní kí n lọ fi fọ ẹsẹ̀. Nígbà tó ṣubú, èmi ni mo gba àjẹ̀, tí mo wa ọkọ̀ dé èbúté."

"Ìwọ!" Abọ́sẹ̀dé yíjú sí i. "Ìwọ tó o wà lábẹ́ àpò gààrí, tó ò ń pe ìyá rẹ! Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn."

"Mò ń wá àjẹ̀ lábẹ́ àpò ni, Ìyá."

Fàúsátù, ìyàwó Gbàdàmọ́sí, kúnlẹ̀. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Baba. Ọkọ mi ń mumi dáadáa. Odindi ìkòkò kan lójúmọ́."

"Ta ló mu ìkòkò?" Gbàdàmọ́sí gbaná jẹ. "Èmi tí mi ò tíì mumi láti Ọjọ́rú!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi.

"Ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni?" Olóyè Ògúnlànà bi í.

"Ààwẹ̀ kẹ̀?" Fàúsátù dáhùn. "Ìgbà ààwẹ̀ gan-an ló máa ń mumi jù!" Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ìtọ̀ rẹ̀ ń kọ́?" Baálẹ̀ bi Fàúsátù.

"Ó pọ́n bí àgbo, Baba. Kò sì kún ìdérí ìgò."

Baálẹ̀ mi orí. "Gbàdàmọ́sí, kí ni omi fi ṣe ọ́?"

"Baba, wolé-wolé ló yọjú sí ìkòkò wa, ó rí tanwíji níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi omi sílẹ̀ fún tanwíji."

"Ó ní ká fọ ìkòkò, ká máa dé e ni!" Fàúsátù pariwo. "Mo sì ti fọ̀ ọ́ láti ọdún mẹ́ta!"

"Àti pé, Baba, ọkọ̀ mi ń jò. Mò ń jókòó sínú omi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, omi ń gba ìdí wọlé sí mi lára. Bí mo bá tún ń gba ẹnu mu ún, ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ rì ni?"

Àwọn olóyè rẹ́rìn-ín títí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Baálẹ̀ bi í. "Èmi nìyí. Òpó lò ń rojọ́ fún yẹn."

Lóòótọ́, Baálẹ̀ ti di méjì lójú Gbàdàmọ́sí, ó sì ti yan èyí tó dákẹ́ jù. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó wó lu Olóyè Ògúnlànà.

"Ẹ gbà mí! Ó ti dé orí tèmi!" Olóyè pariwo.

Fàúsátù gbé orí ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó gbé igbá omi sí i lẹ́nu. Gbàdàmọ́sí fẹ́ tu omi àkọ́kọ́ dànù. Ó gbé ìkejì mì. Nígbà tó di ìkẹta, òun fúnra rẹ̀ ló di igbá mú.

"Ẹ bù sí i," ó wí.

Wọ́n bù sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ là, Baálẹ̀ padà di ẹyọ kan. Ó wo Abọ́sẹ̀dé, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyá, ẹ má bìínú. Mo rò pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni orí ṣe ń fọ́ ọ lójoojúmọ́."

Baálẹ̀ wúkọ́, ó dájọ́. "Àjẹ̀ rẹ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ. Lọ́la, wàá gbé Abọ́sẹ̀dé lọ sí Ìrewe, kó lọ pe ọmọ náà ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ìwọ náà á sì máa jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ á wí pé, 'Rẹ̀mílẹ́kún, mumi.' O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀ láìjẹ́ pé o mu ife kan tán lójú wọn. Lọ́jọ́ tó o bá kọ̀, àwọn èrò á jókòó, ìwọ á wọnú ọ̀sà, wàá fi okùn fa ọkọ̀ dé Ìrewe. Àkànbí ni yóò máa gbé ìkòkò omi wọ ọkọ̀, torí ó mọ abẹ́ ẹrù."

Gbàdàmọ́sí gbọ́ràn. Orí fífọ́ tán, ó ń kọrin bó ṣe ń tukọ̀. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Abọ́sẹ̀dé kó àwọn èrò ọkọ̀ padà wá sí ààfin.

"Baba, ẹ gbà wá! Kí á tó dé Ìrewe, Rẹ̀mílẹ́kún á ti yà wọ igbó lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún!"

"Ṣé ó tún wó lu ẹnikẹ́ni?"

"Rárá o, Baba."

"Ṣé ẹ ń dé ibi tí ẹ ń lọ?"

"À ń dé, àmọ́ ó ń pẹ́."

"Ẹ máa tètè jáde nílé," Baálẹ̀ wí, ó sì dìde lọ jẹun.