Ọwọ́ Aláró àti Ẹ̀rọ Èémí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Aró fi ń pa òwe pé, "A kì í sunkún aláró kí a tó fọ ọwọ́ rẹ̀"? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fara balẹ̀, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Fọlárànmí ló fà á. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí i sí. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó padà wálé, ó sì ń dùn ún pé ẹ̀rọ tó ń wo bí èémí ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn ti wọ́n ju agbára ilé ìwòsàn àdúgbò lọ. Ló bá so iná pupa kékeré mọ́ ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn, ó fi bátìrì aago sí i. Bí ó bá ti há ọ níka, iná á gba inú ẹran ara kọjá, nọ́ńbà á yọ. Bí nọ́ńbà kò bá tó àádọ́rùn-ún, ewu ń bẹ.

Nọ́ọ̀sì Ọlábímpé wò ó títí. "Tó bá yẹ èèyàn méje wò lónìí láì ṣìṣe, a ó máa lò ó fún àwọn ọmọ wa. Tó bá ṣìṣe, máa gbé e lọ."

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ dé, tààrà láti ìdí aró rẹ̀. Wọ́n há a níka. Mọ́kànlélógójì!

"Yéè! Màmá, ẹ dùbúlẹ̀!" ni nọ́ọ̀sì pariwo.

"Kí ló dé? Ara mi le."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, èémí yín ti ń tán lọ!"

Aláró kejì, méjìdínlógójì. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, obìnrin méje ti nà gbalaja sórí ẹní, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó da omi eérú púpọ̀ jù sínú aró. Fọlárànmí há ara rẹ̀ níka: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀rù bà á. Àbí òun nìkan ni yóò ṣẹ́kù ládùúgbò?

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́ sáré dé láti ìpàdé nínú agbádá funfun, ẹkún ló fi wọlé. "Ìyá Mọrẹ́nikẹ́! Ta ni yóò máa rokà fún mi?"

"Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, mi ò tíì kú."

"Dákẹ́! Ṣé o gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ ni?" Ó ti ránṣẹ́ ikú sí àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ná.

Ni ìyàwó náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ara rẹ̀, ó di agbádá ọkọ mú. Ọkọ wo ara rẹ̀, ó rí àmì ìka márùn-ún.

"Agbádá mi o!"

Fọlárànmí wo agbádá, ó wo ọwọ́. Láti kékeré ló ti ń rí ọwọ́ aláró, ojú rẹ̀ kò kà á sí mọ́. "Aró ni! Aró ni kò jẹ́ kí iná kọjá! Ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá, ẹ gbé ọṣẹ àti kànrìnkàn!"

Wọ́n fọ̀, wọ́n ha, títí èékánná fi mọ́. Wọ́n tún há Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ níka. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn yòókù. Àwọn méjèèje dìde. "Ẹ̀rọ kò ṣì, àwa la ṣì," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì gba ẹ̀rọ náà. Inú Fọlárànmí dùn, ó jó yí ilé ìwòsàn ká.

Àfi bí àwọn ẹbí ṣe dé tẹkúntẹkún. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Àbúrò rẹ̀ figbe ta: "Ẹ sá o! Òkú ni! Láyé ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ báyìí rí!"

Gbogbo ẹbí fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí di òní, wọn ò tíì padà wá. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ètò ni: fífọ ló ń ṣáájú, ẹkún ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí i padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ fún un. A kì í sunkún aláró kí a tó fọ ọwọ́ rẹ̀.